Ta Ló Rán Mi Níṣẹ́ Trọ́ọ̀kì?

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù tèmi, kí ẹ rí egungun ìhà mi. Ẹni tó fẹ́ fi gbogbo àdúgbò ṣẹ̀fẹ̀, tí kò fi ara ẹ̀ ṣe, ìjà ló ń wá. Èmi ò wá ìjà. Ẹ̀rín ni mo wá.

Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́tàlá. Peckham là ń gbé, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí èèyàn ti lè ra ẹ̀kọ, ṣàkì àti ògúnfe láìsọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan. Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí n fi ṣọjọ́ ìbí ẹ̀. Ó ní, "Dádì, trọ́ọ̀kì ni."

Mo wò ó. Mo wo ìyá ẹ̀. Mo tún wò ó.

"Trọ́ọ̀kì? Ṣé yanrìn lo fẹ́ máa kó ni, àbí ìrẹsì lo fẹ́ máa fi gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé? Ọmọ ọdún mẹ́tàlá! Nígbà tí mo tó ìwọ yìí, bàtà rọ́bà ni bàbá mi rà fún mi, ó sì ní n kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ rìn lórí kankéré kó má baà jẹ!"

Ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé síkéètìbọ́ọ̀dù ẹ̀ jáde, pákó tó ti fi họ gbogbo ilẹ̀ ilé wa tán, ó sì dojú ẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ. "Èyí ni trọ́ọ̀kì, Dádì. Ọ̀kan ti sán."

Ẹ̀yin tí ẹ ò dojú nǹkan yìí délẹ̀ rí, ẹ bá mi yọjú sí ìdí ẹ̀. Irin méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Irin kọ̀ọ̀kan ní àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bóòtù mẹ́rin dè mọ́ pákó. Bóòtù gìdìgbà kan yọrí láti inú àwo náà. Kíńpìn ni wọ́n ń pè é. Kíńpìn yìí ni wọ́n wọ rọ́bà méjì sí, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní bọ́ṣì. Àárín rọ́bà méjèèjì ni hángà wà, ìyẹn irin tó na apá sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú hángà kọjá, ó yọrí lápá méjèèjì, orí ọ̀pá yẹn ni táyà wà. Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ etí pákó sí ọ̀tún, bọ́ṣì á fún pọ̀, hángà á yí, pákó á sì kọrí sọ́tùn-ún. Ó tán. Kò ní sítíárìn, kò ní búréèkì. Dánfó Òṣòdì náà kúkú rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n dánfó ní kọ́ńdọ́ tó ń bá a pariwo.

Mo gbọ́, mo lóye, mo wọ ẹ̀wù, mo lọ sọ́jà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù fi òrùka sí imú, ó fi méjì sí ètè. Ó bi mí pé ìwọ̀n wo ni mo fẹ́. Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Èmi, ọmọ Yorùbá, wọ́n ń bi mí léèrè ìwọ̀n níwájú èèyàn! Ṣé kò mọ àwa ni? Àwa tí gèlè wa kì í jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn rí ìyàwó níbi ìgbéyàwó. Àwa tí a ń wọ agbádá tó ń bá wọn gbálẹ̀ gbọ̀ngán. Àwa tí a ń gbé jíìpù oníjókòó méje lọ ra ata rodo náírà ẹgbẹ̀rún kan. Mo ta ọrùn sókè. Mo ní, "Èyí tó tóbi jù."

Ó bi mí pé báwo ni pákó ọmọ náà ṣe fẹ̀ tó. Mo ní kó má yọ mí lẹ́nu, ọmọ náà ń dàgbà.

Ó wò mí bí ẹni ń wo òjò tó ń bọ̀. Ó dì í fún mi. Ilé ni mo ti tú u, mo bá rí ẹyọ kan ṣoṣo. Mo gbọn páálí náà. Mo yẹ inú láílọ́ọ̀nù wò. Ẹyọ kan. Àṣé ẹyọ-ẹyọ ni wọ́n sábà máa ń ta trọ́ọ̀kì, iye tí mo rí lára páálí kì í ṣe iye méjì. Ta ló ń ta bàtà ẹsẹ̀ kan? Ta ló ń ta yẹtí etí ọ̀tún? Kódà àwọn tó ń ta bẹ̀nǹdá-ún ní Yábàá máa ń jẹ́ kó pé méjì, bí wọn ò tiẹ̀ jọra.

Mo padà lọ. Irú ẹ̀ ti tán. Mo kọjá sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, wọ́n tún bi mí pé ìwọ̀n wo. Mo ti gbàgbé páálí sílé. Mo bá na ọwọ́ méjèèjì, mo fi júwe ẹ̀ fún wọn bí ẹni ń ròyìn ẹja tó já lójú ìwọ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹja tó já kì í ní ìwọ̀n kan pàtó. Èyí tí wọ́n fún mi, tí mo gbé wálé tayọ̀tayọ̀, kéré sí ti àkọ́kọ́ ní odidi íǹṣì kan.

Àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù yìí ní ìwà kan tó ń dùn mí: wọn kì í bú bàbá wọn. Ọmọ mi ì bá tiẹ̀ bú mi. Ó kàn wo irin ọ̀tún, ó wo irin òsì, ó ní, "Ẹ ṣé o, Dádì," ó sì fi sípánà dè é mọ́ pákó pẹ̀lú ojú ẹni tó ń kun òkú ní àtíkè. Ó gùn ún jáde. Mo dúró lójú fèrèsé. Iwájú pákó ń lọ bí Olóyè, táyà méjèèjì yọ síta bí ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó ń fi agbádá gba ojú ọ̀nà. Ẹ̀yìn ń tẹ̀ lé e bí ọmọ ọ̀dọ̀. Bí ó bá ti fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, bàtà ẹ̀ á kọ táyà. Ó tì í, ó kọ ọ́. Ó tì í, ó kọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ojúgun ẹ̀ ti rí bí àgbàdo tí wọ́n sun jóná.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Rye Lane tó ń ránṣọ. Ìjẹ̀bú ni wọ́n, nítorí náà ẹ má retí pé wọ́n á dín owó. Mo lọ gba ṣòkòtò mi lọ́wọ́ wọn, ọmọ mi sì tẹ̀ lé mi tòun ti pákó lábẹ́ abíyá, ó ń tiro. Ẹ̀gbọ́n wo ọmọ, wọ́n wo pákó, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

"Ta ló rán èyí?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

"O wọ̀n ọ́n?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Wọ́n fa tépù kúrò lọ́rùn. Wọ́n wọn ìbú pákó láti etí dé etí: íǹṣì 8.25. Wọ́n wọn ọ̀pá irin iwájú, láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó: 9. Wọ́n wọn ti ẹ̀yìn: 8. Wọ́n fi tépù kọ́ ọrùn padà, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín débi pé àwọn ìyá méjì tó ń dúró de bùbá dìde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Èjìká ọmọ ẹ nìyí," wọ́n fọwọ́ gbá pákó. "Níwájú, o wọ agbádá bàbá àgbà fún un. Lẹ́yìn, o wọ bùbá àbúrò ẹ̀ fún un. Ìwọ, ṣé orí ìrìn lo ti máa ń ra ọjà ni?"

Ẹni tí kò gun síkéètì rí láyé ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, tí àwọn tó fi gbogbo ayé wọn gùn ún kò sì lè sọ ọ́ jù báyìí lọ. Ìbú pákó lèjìká, ọ̀pá táyà lẹ̀wù. Kí ṣóńṣó ọ̀pá náà bá etí pákó dọ́gba lápá méjèèjì: pákó íǹṣì 8, ọ̀pá íǹṣì 8, pákó 8.5, ọ̀pá 8.5. Tí kò bá ṣe é ṣe kó bára mu gẹ́lẹ́, ìyàtọ̀ ìdá mẹ́rin íǹṣì kì í pààyàn, ìyẹn bí mìlímítà 6 lápapọ̀, mẹ́ta-mẹ́ta lápá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti kọjá ibẹ̀, ojúgun ni yóò san gbèsè. Tèmi ti kọjá ibẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ ṣírò ẹ̀: 9 yọ 8.25.

Ní báyìí tí mo ti bọ́ tèmi, ó kan yín.

Ẹ̀yin ahun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kí. Ẹ mọ ara yín. Pákó tuntun lẹ rà, íǹṣì 8.75, ó fẹ̀ bí ọpọ́n ayò, ẹ wá tú irin àtijọ́ kúrò lára pákó tóóró tí ẹ ti ń gùn láti ilé ìwé girama, ẹ dè é mọ́ ọn, ẹ ní irin kì í darúgbó. Ẹ ti rí ikùn olówó lórí ẹsẹ̀ adìẹ ìrànà rí? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ rí nígbà tí ẹ ń bọ̀. Pákó yín dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo òpó ẹ̀ kó jọ sí àárín: ẹni tó bá gbẹ́sẹ̀ sí bèbè, ilẹ̀ ló bọ́ sí. Ẹ fẹ́ yà díẹ̀, ó yí gbiri. Ẹ fẹ́ dúró, ó ń mì. Ẹ sì máa sọ pé ọ̀nà ni kò dára.

Àwọn aláṣejù, ẹgbẹ́ mi nìwọ̀nyí, n kò ní lù wọ́n púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ fún wọn: irin tó gbòòrò ju pákó lọ wúwo, ó sì máa ń lọ́ra yí. Ọmọdé tó bá fẹ́ fò sókè kí pákó yípo lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, kó tún bọ́ sórí ẹ̀ kó tó délẹ̀, kò nílò ẹrù. Ẹ ò lè di àpò sìmẹ́ǹtì mọ́ àparò kẹ́ ẹ ní kó fò.

Ẹ wá gbọ́ tàwọn tó ń ṣe irin náà fúnra wọn, nítorí pé àwọn gan-an ni baba ìdàrúdàpọ̀. Ilé iṣẹ́ Independent ti wà ní California láti 1978. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára irin wọn: 139, 144, 149, 159, 169. Kí ni èèyàn fẹ́ fi ṣe? 149 tí mo mọ̀, bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí London Bridge ni. Ìtumọ̀ tiwọn ni pé 139 ní ọ̀pá íǹṣì 8, 144 ní 8.25, 149 ní 8.5. Báwo ni 139 ṣe di 8? Hángà ni nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí, ní mìlímítà, kì í ṣe ọ̀pá táyà. Ó dáa. Ẹ kọjá sí ọ̀dọ̀ Venture, àwọn náà ń sọ̀rọ̀ hángà, ṣùgbọ́n íǹṣì ni tiwọn: 5.2 ní ọ̀pá íǹṣì 8, 5.6 ní 8.25. Èèyàn tó rí 5.2 á rò pé irin ọmọ ìkókó ni. Àwọn Ace kò tiẹ̀ fẹ́ yọ ara wọn lẹ́nu, wọ́n kọ 22, 33, 44, 55. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwọ̀n nìyẹn àbí nọ́ńbà tí bàbá kan lá àlá ẹ̀, tó fẹ́ fi ta Baba Ìjẹ̀bú lówùúrọ̀? Ká ní àwọn télọ̀ Yorùbá ló ń ṣe báyìí ni, tí ti Ìbàdàn ń fi ìka wọn ọrùn, tí ti Abẹ́òkúta ń fi ẹsẹ̀ bàtà, tí ti Oǹdó ń lá àlá, ṣé ẹyọ agbádá kan á bá ẹnikẹ́ni mu nílẹ̀ yìí?

Ẹ má wo nọ́ńbà wọn. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ gígùn ọ̀pá sí, ní íǹṣì, láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ mú tépù jáde. Wọ́n á wò yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò.

Ó tún ku àwọn àgbààgbà. N kò ní fẹ́ kí wọ́n ṣépè fún mi, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kì í mọ àgbà. Ẹ lọ sí Southbank, lábẹ́ gbọ̀ngán Queen Elizabeth létí odò Thames, níbi tí wọ́n ti ń gun síkéètì láti àwọn ọdún 1970, tí wọ́n fẹ́ lé wọn kúrò ní 2013, tí àwọn olùgùn jà títí wọ́n fi jẹ́ kí wọ́n dúró síbẹ̀ ní 2014. Ẹ máa rí bàbá kan níbẹ̀. Irùngbọ̀n ẹ̀ funfun, orúnkún ẹ̀ méjèèjì wà nínú báńdéèjì, pákó ẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 10, irin ẹ̀ náà 10. Ó bára mu, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ bi í léèrè ohunkóhun, nítorí láti California ló ti máa bẹ̀rẹ̀.

Á sọ fún yín pé nígbà láéláé, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ló tú bàtà onítáyà sí méjì, tí wọ́n kan irin ẹ̀ mọ́ pátákó, ìdí nìyẹn tí irin ìgbà náà fi tóóró bí ẹsẹ̀ èèyàn: bàtà ni wọ́n dá a fún. Táyà irin àti táyà amọ̀ ni wọ́n ń lò, òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo tó láti gbé ọmọ ọlọ́mọ ṣubú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Frank Nasworthy gbé táyà oníke tí wọ́n ń pè ní urethane wá, pákó bá bẹ̀rẹ̀ sí í di ilẹ̀ mú, àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Eré ńlá kò gba irin bàtà mọ́. Tracker dé ní 1975 pẹ̀lú irin tó gbòòrò, tí wọ́n dá fún síkéètì nìkan. Independent tẹ̀ lé e ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Nígbà yẹn, inú odò ìwẹ̀ tí omi ti gbẹ ni wọ́n ti ń gùn ún sókè sódò, pákó wọn sì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

Bàbá yìí á wá mí kanlẹ̀, torí ó ti dé ibi tó dùn ún: àwọn ọdún 1990. Àwọn tó wá lẹ́yìn wọn gé gbogbo ẹ̀ kúrú. Pákó di bí íǹṣì 7.5, táyà di bí mìlímítà 40, kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ, ṣòkòtò wọn nìkan ló gbòòrò. Ìdí nìyí tí mo ṣe fẹ́ràn ìran náà: ohun tó yẹ kó fẹ̀, wọ́n ṣe é ní tóóró, ohun tó yẹ kó ṣe déédéé, wọ́n rán an débi tí ẹni méjì fi lè sá òjò nínú ẹ̀. Lónìí, nǹkan ti bọ́ sí àárín, láti 8 sí 8.5 ni ọ̀pọ̀ ń gùn ní ìgboro. Bàbá kò fọwọ́ sí i. Ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ, kílẹ̀ tó ṣú.

Ṣé ẹ rò pé ìbú nìkan ni? Gíga náà wà ńbẹ̀. Irin kan wà tó jókòó sílẹ̀, òmíràn nàró díẹ̀. Èyí tó jókòó sílẹ̀, táyà kékeré ló bá a lọ, bíi mìlímítà 50 sí 52. Èyí tó nàró lè gba 54 tàbí 56. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan wà. N kò ní sọ pé ọmọ Gánà ni, nítorí ẹjọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù ṣì wà nílẹ̀ láàárín wa. Ọmọ náà lọ fi táyà mìlímítà 60 sí irin tó jókòó sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Ó ń bọ̀ lórí eré, ó rẹwà, ó tẹ̀ sósì láti yà fún ìyá kan àti ajá ẹ̀, táyà bá gbéra, ó lọ fẹnu ko abẹ́ pákó. Pákó dúró. Òun ò dúró. Ajá yẹn kò tíì padà sípò títí di òní. Bí ẹ bá fẹ́ táyà ńlá lórí irin kúkúrú lọ́ranyàn, ẹ fi rọ́bà pẹlẹbẹ, ìdá mẹ́jọ íǹṣì, sáàárín irin àti pákó kó gbé e sókè díẹ̀. Owó ẹ̀ kò tó owó báńdéèjì.

Ọmọ náà dìde, ó gbọn ara ẹ̀, ó sì rántí pé òun ní ohun tí a kò ní: "Ẹ̀yin Nàìjíríà ńkọ́? Àwa ní Freedom Skatepark ní Accra láti 2021." Òótọ́ ló sọ, ó dùn mí wọra. Mo ní kó fi Èkó sílẹ̀, pé àwa ní WAFFLESNCREAM, àwọn ọmọ tó ń ta aṣọ, tí wọ́n sì ń gun síkéètì nínú Èkó, ìlú tí kòtò ojú ọ̀nà ti lè gba odidi ọmọ, pákó àti táyà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá gun síkéètì láti Òjúẹlẹ́gba dé Yábàá láìsọ̀kalẹ̀, kí Accra wá bá a wí.

Àwọn tí mo fi sẹ́yìn ni àwọn tó ń di kíńpìn. Ẹ̀yin wọ̀nyí, sípánà ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì ò kúrò lọ́wọ́ yín. Irin yín bára mu, táyà yín bára mu, àyà yín ni kò bára mu. Ẹ̀rù ń bà yín pé pákó á mì, ẹ bá di nọ́ọ̀tì kíńpìn títí bọ́ṣì fi fẹ́ bẹ́, pákó kò lè yà sọ́tùn-ún, kò lè yà sósì, ó ń lọ tààrà bí olóṣèlú tó rí àpò owó. Tí ẹ bá fẹ́ yà ní ìkòríta, ẹ ní láti sọ̀ kalẹ̀ gbé e. Àwọn kan sì wà ní òdìkejì, tí nọ́ọ̀tì tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó dẹ̀. Ó dẹ̀ lóòótọ́. Bí wọ́n bá ti dé ìdágẹ̀rẹ̀, pákó á bẹ̀rẹ̀ sí í jó bàtá, orí wọn á máa gbọ̀n. Bọ́ṣì ni kí ẹ pààrọ̀, ẹ fi sípánà sílẹ̀! Líle àti rírọ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá sanra kó ra líle, ẹni tó bá rí bíi bírúùmù ìgbálẹ̀ kó ra rírọ̀. Ìyàwó mi ní kí n má fẹnu ba ọ̀rọ̀ ẹni tó sanra.

Òun gan-an ni mo sì fẹ́ fi parí àwọn tí mo fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ tí ọmọ yìí ti gbé pákó wọlé, eré ìpáǹle ló ń pè é. "Ṣé kò sí bọ́ọ̀lù ni? Ṣé kò sí píánò?" Ó di ìgbà Olympics, èyí tí wọ́n pè ní Tokyo 2020 ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣe ní 2021, ìgbà àkọ́kọ́ tí síkéètì máa wọ ibẹ̀. Ó rí Sky Brown, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tó gba idẹ fún Britain. Ó rí Rayssa Leal láti Brazil, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, fàdákà. Ó rí Momiji Nishiya ará Japan, ọmọ ọdún mẹ́tàlá náà, wúrà. Ọmọ tiwa ò tíì ju mẹ́jọ mẹ́sàn-án lọ nígbà náà. Ìyá ẹ̀ yíjú sí i níbi tó ti ń jẹ wàrà àti bisikíìtì. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá ẹ̀ máa ń bá a wí tí kò bá lọ gun síkéètì. Ní ọjọ́ tí mo sì gbé irin ẹyọ kan wálé, òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ lérí: "Bàbá ẹ ló fẹ́ gba wúrà lọ́wọ́ ẹ!"

Bí a ṣe yanjú ẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n télọ̀ ní irin íǹṣì 8 tó wà lẹ́yìn kò burú fún pákó 8.25, ìyàtọ̀ ẹ̀ kò ju ìdá mẹ́rin lọ, kí n wá èkejì ẹ̀. Mo mú irin náà dání, mo mú tépù tí wọ́n yá mi dání, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Wọ́n bi mí pé ìwọ̀n wo. Mo ní, "Ọ̀pá íǹṣì 8, ṣóńṣó dé ṣóńṣó," ohùn mi jinlẹ̀ bí ti ẹni tó ti ń gùn ún láti California. Ṣùgbọ́n mo tún wọ̀n ọ́n lójú wọn kí n tó sanwó, ẹ̀ẹ̀mejì, mo sì kíyè sí i pé ẹyọ kan ni. Ẹyọ kan ni mo kúkú fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ mi ti ń gùn ún lọ gùn ún bọ̀, ojúgun ti san. Ẹ̀gbọ́n sì ti fi owó ìwọ̀n pákó kún owó ṣòkòtò mi. Mo sọ fún yín pé Ìjẹ̀bú ni wọ́n.

Irin íǹṣì 9 yẹn ṣì wà nílé. A fi ń dí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó sì dí i dáadáa, torí ó wúwo. Ẹnikẹ́ni tó bá ní pákó íǹṣì 9, tó sì jẹ́ pé ẹyọ kan ló kù fún un, kó máa bọ̀ ní Peckham. Kó mú tépù dání.